Kónílé-ó-gbélé Tí Kò Ní Ìpèsè: Bí Ìjọba Ṣe Ṣe Sí Wa Nígbà Àrùn Kòrónà

 

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó di ìjọba mú ní Nàìjíríà nígbà tí àrùn náà dé ti ń yin ara wọn. Àwọn alátakò wọn náà kò dákẹ́. Lójú tiwọn, kò sí ohun rere kan tí ìjọba ṣe. Èmi kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, n kò sì fẹ́ fi òṣùwọ̀n òṣèlú wọn ọ̀rọ̀ yìí. Àwa oníṣẹ̀ṣe ní òṣùwọ̀n tiwa. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ bí a ṣe ń sé ìlú, bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí àrùn ńlá bá mú, àti ohun tí ó tọ́ kí olórí ṣe kí ó tó ní kí ará ìlú ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òṣùwọ̀n yẹn ni kí a gbé jáde.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kéde òfin náà fún wa gan-an, kónílé-ó-gbélé, inú èdè wa ni ó ti wá. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní Ìkòròdú, ní Ìṣẹ́yìn, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí yóò gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ìsémọ́ Orò. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìsémọ́ ṣe ń lọ. Kí Orò tó jáde, àwọn àgbà á ti jókòó, wọ́n á ti dá ọjọ́. Akéde á ti kiri ọjà àti àdúgbò, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sí ìyálọ́jà kan tí yóò sọ pé òun kò gbọ́. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, a ó yẹ ọjà. Àwọn obìnrin á pọnmi, wọ́n á ṣẹ́gi, wọ́n á ra ohun ọbẹ̀ sílé. Aláboyún tí oṣù rẹ̀ pé, a ó ti mú un lọ sí ibi tí yóò bímọ sí láìsí ìyọnu. Àlejò tí kò mọ ìlú á ti ní onílé tí yóò gbà á. Wákàtí tí Orò máa wọlé kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni, nígbà tí ó bá sì wọlé, ìlú ṣí. Ọba tí ó ní kí a sé ìlú kò sì jẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n máa rìn káàkiri ní wákàtí ìsémọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gbé ìsémọ́ Orò lọ sílé ẹjọ́, pàápàá èyí tí a ń ṣe lọ́sàn-án, wọ́n ní ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn. Ẹjọ́ yẹn ní àyè tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwa náà jókòó sọ ọ́ láàárín ara wa láìbínú. Ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín pé nínú àwọn tí kò lè fara da òru kan ni àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún wà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé tí ó sì kọjá sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Oṣù kan gbáko kọjá kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ni ó sọ̀rọ̀; ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kí Èkó, Ògùn àti Àbújá ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 14. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó ń ta ẹ̀kọ ní Mushin, agbérò ní Oshòdì, kafíńtà tí ó ń retí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fún un láti fi kó oúnjẹ ọjọ́ 14 jọ, owó tí ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ alẹ́ lọ. Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, Ààrẹ tún fi 14 mìíràn kún un. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Ògùn fi hàn wá pé ọ̀nà mìíràn wà. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún bẹ Ààrẹ pé kí ó sún ìsémọ́ ti ìpínlẹ̀ òun síwájú kí ará ìlú lè rí oúnjẹ rà, ó sì di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ṣí ìlú fún wákàtí díẹ̀ ní ọjọ́ kan sí ìkejì kí ènìyàn lè lọ sọ́jà. Ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kò sé ìlú lọ́sàn-án. Òfin alẹ́ ni ó fi lélẹ̀, láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Mo yìn ín fún èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kan náà ni ó wà níbi àpèjọ ńlá tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ṣe ní Mápó ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ìkórajọ ni àrùn náà ń gùn bí ẹṣin. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àyẹ̀wò fi sọ pé ó ti kó o.

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde oúnjẹ fún ìdílé 200,000 ní Èkó. Ó dára, ó tètè ṣe é, ó sì ṣe é kí Ààrẹ tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Èkó tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, kí ni ìdílé 200,000 jẹ́ nínú rẹ̀? Ní ti ìjọba àpapọ̀, iléẹ̀kọ́ wà ní títì, wọ́n sì ní àwọn ń bọ́ ọmọ iléẹ̀kọ́. Mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Sadiya Umar Farouq, sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 523 náírà tí àwọn ná lórí rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, pé ilé àwọn ọmọ náà ni àwọn gbé oúnjẹ lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ òbí ní àdúgbò wọn kò rí ẹni tí ó jẹ nínú rẹ̀, nígbà tí ará ìlú kò bá sì rí ohun tí a ní a ṣe, kò sí bí a ṣe lè bá wọn wí pé wọ́n ń ṣiyèméjì.

Láàárín oṣù Kẹrin yẹn, Àjọ tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé ìròyìn jáde pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 nígbà tí wọ́n ń fi òfin kónílé-ó-gbélé múlẹ̀. Ní àsìkò náà, iye ẹni tí a kọ sílẹ̀ pé Kòrónà pa jẹ́ 12. Mo ti ka ìròyìn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì mọ́ mi lára. A sọ pé a ń dáàbò bo ẹ̀mí, ìbọn sì ṣáájú àrùn nínú iye ẹni tí ó pa. Ní àsìkò kan náà, ní Agége, ní Alágbado, ní Ifọ̀ àti ní Sàngó-Ọ̀tà, àwọn baba àti ọmọ ń sun táyà, wọ́n ń ṣọ́ òru nítorí àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti Awawa. Ẹni tí a ní kí ó gbélé kò lè sun inú ilé náà.

Ní ti pé kí olórí kọ́kọ́ pa òfin ara rẹ̀ mọ́, ẹ rántí Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin. Kí Ẹlẹ́dàá fi orun ire fún un. Níbi ìsìnkú rẹ̀ ní Àbújá lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn ńlá dúró ní ìjìnnà tí kò tó apá kan, wọ́n kún bí ẹni wà lọ́jà, nígbà tí a ti sọ fún mẹ̀kúnnù pé kò gbọdọ̀ pé jọ sin bàbá rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Amúṣẹ́yá tí Ààrẹ gbé kalẹ̀, tí Boss Mustapha jẹ́ alága rẹ̀, gbà pé òfin ti bàjẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbà á lẹ́nu ni. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ènìyàn ńlá wọ̀nyí dé iwájú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ilé ìkẹ́rùsí ni ó dun ará ìlú jù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yìnbọn ní Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìbínú gba ìgboro. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza ní Èkó, wọ́n bá ìrẹsì, gàárì, índómì, ṣúgà àti iyọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n kọ sí lára pé kò gbọdọ̀ tà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá irú rẹ̀ ní Ẹdẹ, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn oníṣòwò ńlá tí wọ́n kóra jọ sí abẹ́ orúkọ CACOVID ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ yìí ránṣẹ́. Àwọn gómìnà ní àwọn kò kó o pamọ́; wọ́n ní àwọn ń tún un dì, pé gbogbo rẹ̀ kò tíì pé, pé àwọn kan fi díẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí àrùn náà bá tún padà wá. N kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹrin ni ebi pa ènìyàn, oṣù Kẹwàá ni oúnjẹ ṣì wà nínú àpò. Bí olórí àdúgbò kan bá gba ọrẹ ìlú, tí ó fi í sí àká fún oṣù mélòó kan nígbà tí ọmọ ìlú ń sun ebi, orúkọ tí a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rántí.

A kì í torí pé a ń bínú kí a sọ pé adẹ́tẹ̀ kò mọ orin. Àjọ NCDC, tí Dókítà Chikwe Ihekweazu ń darí nígbà náà, ń sọ iye ẹni tí àrùn mú fún wa ní alaalẹ́, ní gbangba. Ilé ìwòsàn àrùn tí ń ràn ní Yábàá dúró. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni ó lé Ebola lọ ní 2014: ẹni 20 ni ó mú, ẹni mẹ́jọ ni ó pa, Dókítà Ameyo Adadevoh tí kò jẹ́ kí alárùn náà jáde sì wà nínú àwọn tí ó kú. Nítorí náà ìmọ̀ wà. Iye ẹni tí a kọ sílẹ̀ pé Kòrónà pa ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 3,100, ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí Brazil. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a yára fi iye yẹn ṣe fáàrí. Àyẹ̀wò tí a ṣe kéré púpọ̀. Ní Kano, nígbà tí àwọn olùwádìí ìjọba àpapọ̀ padà wo ikú tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, wọ́n ka 979, Mínísítà Ìlera sì sọ pé ó lè jẹ́ pé Kòrónà ni ó fa ju ìdajì lọ nínú wọn. Àwọn dókítà tí ń tọ́jú àwọn aláìsàn yìí, 5,000 náírà lóṣù ni owó ewu tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi?

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn bàbá wa mọ àrùn tí ń ràn. Ọbalúayé, ẹni tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tó le. Bí ìgbóná bá wọ ìlú, a kò ní lu ìlù, nítorí ìlù ni ó ń pe èrò jọ. Àwọn abọrẹ̀ nìkan ni ó ń fọwọ́ kan òkú náà, a kì í sin ín sínú ilé, igbó ni à ń gbé e lọ. Ẹrù olóògbé kì í padà sọ́wọ́ àwọn ẹbí. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ dáadáa: ìyàsọ́tọ̀ ni, òfin ìsìnkú ni, òfin ìkórajọ ni, a sì fi ọ̀wọ̀ òrìṣà dì í kí ẹnikẹ́ni má baà rú u. Ìjọba amúnisìn fi òfin de ìsìn yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, lẹ́yìn tí Dókítà Oguntola Sapara ti Èkó ti wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ láti mọ àṣírí wọn. Ó ní àwọn kan ń fi àrùn náà ran ènìyàn kí wọ́n lè jogún ẹrù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìkà ni, kò sì yẹ kí a gbè é lẹ́yìn nítorí pé ó jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n òfin náà kò mú ìkà nìkan. Ó ti ilé tí ìmọ̀ wà pa. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn náà ni pé Sapara fúnra rẹ̀ kò kórìíra egbòogi ilẹ̀ wa, ó ń lò ó.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn wọ Èkó láti inú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ìjọba amúnisìn rán àwọn ènìyàn wọ ilé kiri, ẹ̀rù ba ará ìlú, ọ̀pọ̀ sì sá lọ sí ìlú òkè, àrùn náà sì bá wọn lọ. Láàárín wàhálà yẹn ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ fún àdúrà, tí ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye sì ti ibẹ̀ jáde, kí ìjọ Aládùúrà tó gbilẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń bú wa pé a ń wo ojú òrìṣà nígbà àrùn, àwọn náà wá ojú àrà tiwọn. Kò sí ohun ìtìjú nínú èyí. Ará ìlú tí ìjọba kò bá sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó gbọ́ yóò wá ẹni tí yóò bá a sọ ọ́.

Ní 2020, ìjọba ní ànfààní láti má ṣe àṣìṣe yẹn mọ́. Wọ́n lè pe àwọn abọrẹ̀ Ọbalúayé, Olóyè Orò, àwọn awo, àwọn onísègùn, kí wọ́n wí pé: ẹ bá wa kéde. Ẹnu wọn wọlé ní abúlé tí rédíò kò dé. Ohun tí a rí ni pé nígbà tí Ààrẹ ilẹ̀ Madagascar, Andry Rajoelina, gbé àgbo Covid-Organics jáde ní oṣù Kẹrin, Ààrẹ ilẹ̀ Guinea-Bissau gbé e wá sí Àbújá nínú oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Buhari sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Ó ní àwọn kò ní lò ó láìṣe àyẹ̀wò. Òótọ́ ni ó sọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Àbújá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò wo Kòrónà, bí ó tilẹ̀ ń rọ ikọ́. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí àgbo tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú fi rí ọwọ́ Ààrẹ, tí àgbo Ọ̀jẹ́ àti ti Ìta-Mẹ́rin kò fi rí ẹnu ọ̀nà yàrá ìwádìí? Gómìnà Mákindé sọ fún gbogbo ayé pé oyin àti òróró èso dúdú wà nínú ohun tí òun lò, ìwé ìròyìn gbé e. Bí onísègùn ní Ìṣàlẹ̀-Ọ̀yọ́ bá sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, ọlọ́pàá ni ì bá fi bá a sọ̀rọ̀.

Àwa náà kò mọ́. Àwọn kan láàárín wa kọ ìwé sára ìgò pé àgbo àwọn pa Kòrónà, láìwo aláìsàn kan, láìbi Ifá, láìgbé e fún ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Owó ni wọ́n ń wá. Ifá tí mo mọ̀ kò kọ ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń bi í, ìbò sì wà lọ́wọ́ kí ẹnu má baà nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé àti àjọ Áfíríkà tí ń rí sí àrùn fọwọ́ sí ìlànà tí a fi lè dán egbòogi wò fún Kòrónà. Ẹgbẹ́ wa mélòó ni ó mú ewé rẹ̀ lọ síbẹ̀?

Bí a ó bá wá mọ ojú tí ìjọba fi wò wá, ẹ wo ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn ní Èkó. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé mọ́sáláṣí á ṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, ṣọ́ọ̀ṣì á sì ṣí ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21. Wọ́n fagi lé e. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ, wọ́n ní kí mọ́sáláṣí ṣí ní ọjọ́ 7, kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣí ní ọjọ́ 9. Mo wá ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá nínú ìkéde méjèèjì, n kò rí i. Mo wá ọjọ́ Ọbàtálá, mo wá ọjọ́ Ṣàngó. Kò sí. A kò wà nínú àwọn tí a tì, a kò sì wà nínú àwọn tí a ṣí. Síbẹ̀ àwọn ojúbọ wa dákẹ́. Ní oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo wáyé láìsí ogunlọ́gọ̀ èrò tí í máa kún etí odò, láìjẹ́ pé wọ́n yin ìbọn fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìjọ ńlá kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bí mílíọ̀nù mẹ́rin dé ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀ láti gbà á. Àwọn aláṣẹ ní àìmọ̀kan ni. Ẹni tí ó ti rí oúnjẹ nínú ilé ìkẹ́rùsí, tí ó ti rí ìsìnkú Àbújá, kò nílò àìmọ̀kan kí ó tó ṣiyèméjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n ba abẹ́rẹ́ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ jẹ́ ní Àbújá nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n ní àwọn tí ó fún wa fi í ránṣẹ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ ti kù díẹ̀. Ẹ̀bi àwọn olówó ayé wà nínú ìyẹn, n kò ní dì í ru ìjọba wa nìkan.

Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ ti fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe láti 2023, Ọ̀ṣun ti ṣáájú wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ìlera, Èkó sì ní ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ tí ó ti wà tipẹ́. Kí àwọn olórí wa kọ lẹ́tà sí wọn kí ọdún yìí tó parí, kí wọ́n fi orúkọ abọrẹ̀ Ọbalúayé kan, awo kan, onísègùn kan àti ìyálọ́jà kan ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì béèrè ìdáhùn lórí ìwé: ọjọ́ mélòó ni ẹ ó fi kéde kí ẹ tó sé ìlú, níbo ni oúnjẹ wà, ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?